Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Wa: Ẹ Dá Wákàtí Ìwé Padà sí Birchmere Park

Sí Alága, Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé, Akápò àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ ẹbí wa ní Birchmere Park, ní Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù. Àti sí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálááṣí tó wà láti Woolwich títí dé Thamesmead.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún yín lórí iṣẹ́ ìlú tí ẹ ń ṣe. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé lẹ tún ń jókòó ṣèpàdé. Ẹ̀yin lẹ dúró tì wá nígbà tí a ń sìnkú, ẹ̀yin lẹ bá wa sọ ọmọ lórúkọ, ẹ̀yin náà lẹ sì ń dáwó jọ nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan nínú wa. Ọlọ́run yóò san án fún yín. Oore yín kò kúrò lọ́kàn mi bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n n kò lè torí oore dákẹ́ lórí ohun tí kò dára.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nínú ètò ọjọ́ ẹbí tí gbogbo wa fọwọ́ sí nípàdé gbogbogbòò, a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún ìwé. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú wákàtí náà kò le. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, ì báà ṣe àgbà, ì báà ṣe ọmọdé, yóò dìde lórí ẹní, yóò sọ ìwé tó ń kà lẹ́nu àìpẹ́ yìí: orúkọ ìwé náà, ẹni tó kọ ọ́, ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn níbẹ̀, àti irú ẹni tó yẹ kó kà á. Kì í ṣe ìdánwò, kò sì sí ẹni tí yóò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Ìwé Yorùbá, ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìtàn, ìwé àdúrà, ìwé oúnjẹ sísè, gbogbo rẹ̀ la ní kí wọ́n máa gbé bọ̀.

Àwọn ènìyàn ti ń múra sílẹ̀. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan láàárín wa fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Àjà Ló L'ẹrù, ìwé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀ jáde ní 1969, kó lè sọ fún wa bí Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ nì, ṣe ń tọpasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Nọ́ọ̀sì kan ti ń ka Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, ìtàn tọkọtaya kan ní Iléṣà tí wọ́n ń wá ọmọ, tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì wọ inú ìgbéyàwó wọn. Ọmọdébìnrin kan tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ní òun yóò sọ̀rọ̀ lórí Children of Blood and Bone. Lójú mi, ìmúrasílẹ̀ àwọn wọ̀nyí nìkan ti tó láti fún wa láyọ̀.

Nígbà tí ètò náà tún jáde lórí WhatsApp, a kò rí wákàtí ìwé mọ́. Oúnjẹ wà níbẹ̀. Ìdíje ayò wà níbẹ̀. Fífa okùn, eré sísá àwọn ọmọdé, pípín ẹ̀bùn, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Àkókò tí a fún ìwé ni ẹ yọ tí ẹ fi kún ti DJ. Nígbà tí àwa kan béèrè ìdí rẹ̀, èsì tí a gbà ni pé ìgbádùn làwọn ènìyàn ń wá ṣe, wọn kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́.

Mo ti kọ̀wé sí yín ní bòókẹ́lẹ́, èsì kò wá. Mo sì mọ̀ pé òkò tí a bá sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi dárúkọ ẹgbẹ́, tí n kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹgbẹ́ kan lọ. Ó kan gbogbo wa tí a ń tọ́mọ ní agbègbè yìí, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀dùn ọkàn mi lẹ́sẹẹsẹ.

ÌKÍNNÍ: Ẹ ti sọ fún àwọn ọmọ wa pé ìwé kì í ṣe ìgbádùn.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ẹ̀yin àgbà mi. Àwọn òbí wà láàárín wa tí wọ́n ń sanwó ẹ̀kọ́ àfikún lọ́jọ́ Sátidé kí ọmọ wọn lè yege nínú ìdánwò àṣàyàn Bexley fún wíwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ohun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ìwé sí ni ohun tí wọ́n fi ń dán òun wò. Níbo ni yóò ti rí i pé àgbàlagbà a máa kàwé láìsí olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀? Níbo ni yóò ti rí i pé ìwé a máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, a máa mú un sunkún, a sì máa dá iyàn sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ méjì? Inú irú ìjókòó tí a fẹ́ ṣe yẹn ni yóò ti rí i. Òun gan-an lẹ wá ní kò sí àyè fún.

Láàárín àwa Yorùbá, ìwé àti fàájì kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ní ọdún 1929, Isaac Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ fi àròsọ dá, jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́, tí wọ́n ń retí lẹ́tà tó kàn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri Èkó. Ẹnu àwọn tó ń kà á tí wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ara wọn ló gbé ìtàn náà dé ibi tó dé, tó fi di ìwé ní 1930.

Nígbà tó di 1938, tí D. O. Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ẹ rántí bó ti to ìtàn náà. Bàbá ọdẹ kan ló wá bá ẹni tó mọ̀wé kọ, tó ní kó mú gègé, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Bí ìtàn ti ń lọ, àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n sì ń wá jókòó gbọ́ tiwọn. Fágúnwà ti fi àwùjọ àwọn olùgbọ́ sínú ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kà á: ẹnìkan tó mọ̀wé ń kà á sókè, àwọn tó kù ń gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá ní ìwé kò bá ibi tí èèyàn ti ń ṣe fàájì mu, kò tíì ronú kan bí ìwé Yorùbá ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

ÌKEJÌ: Ẹ ń ṣe bí ẹni pé àlejò ni ìwé jẹ́ ní àdúgbò yìí.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí ni wọ́n ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní 1843, ọdún mẹ́rìndínlógún kí Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Àwọn baba ńlá wa ń fi ọgọ́fà owó ẹyọ ra Ìwé Ìròyìn yẹn nígbà tí ìwé kíkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú, nítorí wọn kò fẹ́ kí ohun tí àwọn ẹlòmíràn mọ̀ fo àwọn dá.

Ẹ sì jẹ́ ká sún mọ́ ilé. Ní Woolwich níbí ni Bernardine Evaristo dàgbà sí, ẹni tí wọ́n bí ní 1959, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Yorùbá bíi tiwa. Bàbá náà ń ṣiṣẹ́ jíjó irin, ó sì di káńsẹ́lọ̀ ní Greenwich. Ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀bùn Booker ní 2019 pẹ̀lú Girl, Woman, Other. Òun àti Margaret Atwood ni wọ́n jọ gbà á lọ́dún náà, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Nínú Lara, tó kọ́kọ́ jáde ní 1997, ó tọ orírun ẹbí rẹ̀ dé Nàìjíríà àti Brazil, ó sì kọ nípa ìgbà èwe nínú ilé kan ní Woolwich. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé bàbá òun kò kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá.

N kò sọ èyí láti dá bàbá náà lẹ́bi. Ojú òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí nǹkan ní ìlú yìí nígbà náà, àwọn ènìyàn sì rò pé bí ọmọ bá gbọ́ èdè ilé, yóò pa á lára ní ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní láti fi ìwé wá ohun tí a kò sọ fún un nínú ilé. Àwa tí a dé lẹ́yìn wọn kò ní irú àwáwí yẹn. A pọ̀ níbí. A ń sọ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì, lọ́jà Beresford Square àti lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ tó ń dàgbà ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa rí?

ÌKẸTA: Àwọn ọmọ wa ń kàwé, àwa kò sì mọ ohun tí wọ́n ń kà.

Ìwé Children of Blood and Bone tí ọmọ yẹn fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, Tomi Adeyemi ló kọ ọ́, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà. Ó jáde ní 2018, àwọn ọ̀dọ́ sì tẹ́wọ́ gbà á níbi gbogbo. Ṣàngó, Ọya àti Yemọja ń bẹ nínú rẹ̀. Orúkọ Ìbàdàn, Ìlọrin àti Èkó ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń fi Yorùbá pe ọfọ̀. Ọmọ tí a kò sọ ìtàn Ọya fún rí nínú ilé ti pàdé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé òkèèrè.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ká àwọn kan lára, pàápàá àwọn pásítọ̀ àti àwọn alùfáà wa. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti kà á tán. Ohun tó kù tí a lè ṣe ni ká jókòó tì í, ká bi í léèrè ohun tó rí níbẹ̀, kí àgbà tó mọ̀ nípa Ọ̀yọ́ àti ìtàn Ṣàngó sọ ohun tí ìwé náà mú láti inú ìtàn wa àti ohun tí òǹkọ̀wé dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni ọmọ náà yóò lọ bá fún àlàyé. Inú wákàtí tí ẹ yọ yẹn ni à bá ti ṣe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ní gbangba, lójú gbogbo òbí.

ÌKẸRIN: Láíbìrì wà nítòsí, a kò sì béèrè ẹ̀tọ́ wa.

Láti Birchmere Park, láíbìrì Thamesmere kò jìnnà. Omíràn wà nínú ilé tí wọ́n ń pè ní The Nest, ní Cygnet Square lẹ́bàá adágún Southmere. Ńlá kan wà nínú Woolwich Centre ní Wellington Street. Ọ̀fẹ́ ni káàdì, ọ̀fẹ́ ni yíyá ìwé. Òfin ọdún 1964 tó de àwọn láíbìrì ìlú Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè iṣẹ́ láíbìrì tó péye tó sì múná dóko fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Ó tún ní kí wọ́n gbìyànjú láti ní ìwé tó tó ní iye, ní oríṣiríṣi àti ní dídára, fún ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ àti ohun tí àwọn kan ń fẹ́ lọ́tọ̀, àgbà àti ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin nínú ìgbìmọ̀, ẹ rí i pé àyè wà níbẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ láíbìrì kì í lá àlá. Ohun tí àwọn ènìyàn bá béèrè, tí wọ́n sì ń yá, ni yóò mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bá béèrè Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tàbí Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, ta ni yóò mọ̀ pé a fẹ́ wọn? Báwo la ó sì ṣe béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé òun gbádùn? Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ni ènìyàn ti ń gbọ́ orúkọ ìwé kó tó lọ béèrè rẹ̀ níbi tábìlì láíbìrì. Nígbà tí ẹ yọ wákàtí náà, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn lẹ gé kúrò.

ÌKARÙN-ÚN: Ẹ ti àwọn arúgbó wa sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1955, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbéra ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ọjọ́ náà ti kọjá àádọ́rin ọdún báyìí. Wọ́n wà láàárín wa ní Thamesmead. Àwọn kan wá bá wa tọ́jú ọmọ, wọ́n sì dúró. Alàwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ni wọ́n fi kọ́ bí a ti ń kàwé. Púpọ̀ nínú wọn lè ka Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀ láìkọsẹ̀, ohun tí púpọ̀ nínú àwa ọmọ wọn kò lè ṣe.

Kí la ń fún irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ní ọjọ́ ẹbí? A ń fún wọn ní àga lábẹ́ igi, a ń gbé oúnjẹ fún wọn, a sì ń gbé orin tó pariwo sí wọn létí. Ìyá kan sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti dé ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì bi òun léèrè ohun tí òun mọ̀, àfi ibi tí òun kó oògùn òun sí. Ìyá yìí ti ṣe olùkọ́ rí. Òun la fẹ́ kó kọ́kọ́ ka ojú ìwé kan sókè fún wa. Ẹ̀yin lẹ gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin àgbà mi, inú mi kò sì dùn sí i.

Mo gbọ́ àwọn àwíjàre yín, n kò sì kẹ́gàn wọn.

Ẹ ní àkókò kò tó. Mo mọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa dáadáa: iṣẹ́ ọ̀sán, iṣẹ́ òru, ọkọ̀ ojú irin láti Abbey Wood kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kàwé lórí fóònù. Àkókò kíkà wà. Ẹni tí a ó sọ ọ́ fún ni kò sí.

Ẹ ní púpọ̀ nínú wa kò lè ka Yorùbá. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n mú ìwé èdè èyíkéyìí wá. Ẹni tó bá sì ka ti Gẹ̀ẹ́sì lè fi Yorùbá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bí àwọn òbí wa ti máa ń fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n kà nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kò gbọ́ ọ.

Ẹ ní yóò sú àwọn ọ̀dọ́. Ẹ kò bi wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀.

Ẹ ní kò sí owó. Ẹní wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí DJ yóò lò wà nílẹ̀. Wákàtí ìwé kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akápò.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí:

1. Kí ẹ dá wákàtí ìwé padà sínú ètò, kó sì bọ́ sí ọ̀sán, nígbà tí ojú àwọn ènìyàn ṣì dá. Ẹ má ṣe sún un sí ìparí, nígbà tí wọ́n bá ti ń kó kúlà wọ inú ọkọ̀.

2. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà nípò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí alága bá dìde tó sọ ìwé tó ń kà, ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò ní ìgboyà láti sọ tirẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ kò tíì ka ìwé kankan láti ìgbà pípẹ́, ọjọ́ ṣì wà níwájú. Ìwé kékeré kan tó.

3. Kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo ìwé tí wọ́n bá dárúkọ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Orí WhatsApp tí ẹ fi kéde yíyọ rẹ̀, ẹ fi kéde ohun tí a kà.

4. Kí ìgbìmọ̀ yan ènìyàn méjì tí yóò mú àkọsílẹ̀ náà lọ sí àwọn láíbìrì wa ní ìhà Greenwich àti ìhà Bexley, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín Thamesmead láàárín ara wọn. Kí wọ́n béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí wọ́n wá àwọn èyí tí wọn kò ní fún wa.

5. Kí a gbé tábìlì kan kalẹ̀ fún pàṣípààrọ̀ ìwé. Kí ẹni tó bá ń lọ sílé lọ́dún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá fi àyè ìwé Yorùbá méjì sílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀ láàárín èlùbọ́ àti aṣọ. Àwọn tó ń tẹ ìwé wọ̀nyí ní Ìbàdàn àti Èkó yóò máa tẹ̀ ẹ́ nìṣó bí a bá ń rà á.

6. Kí ọ̀rọ̀ náà má parí sí ọjọ́ ẹbí. Ní ìpàdé oṣooṣù kọ̀ọ̀kan, kí a fún ẹnìkan ṣoṣo láyè láti sọ ohun tó ń kà kí a tó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Mo bẹ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálááṣí náà: ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa pé kí a máa ka Bíbélì àti Kùránì lójoojúmọ́, ẹ mọ bí a ti ń dá àṣà kíkà sílẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ láíbìrì àti ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó àwọn ọgbà Thamesmead, n kò bá yín wíjọ́ nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ wa bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe fi í pamọ́ di oṣù Kẹwàá tí wọ́n ń sọ ìtàn àwọn ènìyàn dúdú. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá la ń gbé níbí, tí a ń sanwó orí, tí a sì ń kàwé. Ẹ fún wa ní selífù kan tí a ó kọ ọ́ sí pé ohun tí àwọn ará àdúgbò ń kà nìyí. Àwọn aládùúgbò wa tó wá láti Nepal, Vietnam àti Ghana náà ní ìwé tí wọ́n ń kà, àwa náà yóò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ní ìparí, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ kìlọ̀. Bí ẹ kò bá dá wákàtí náà padà, a kò ní jà, a kò sì ní fa ẹgbẹ́ ya. Ẹní tiwa la ó tẹ́ sí etí adágún Birchmere lọ́jọ́ náà gan-an, ní wákàtí tí a kọ́kọ́ fọwọ́ sí, a ó sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti múra kò ní gbé ìwé wọn padà sílé láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yóò wò yíká láti mọ ibi tí àwọn àgbà jókòó sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ jókòó síbòmíràn.

A ó sì gbé ìbéèrè náà wá sí ìpàdé gbogbogbòò tí yóò dìbò yan ìgbìmọ̀ tuntun. A ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń wá ipò ohun tí yóò ṣe fún ọmọ tó ń kàwé ní àdúgbò yìí. Ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó rẹ̀ ni, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́.

Ìkìlọ̀ tó wúwo jù ni èyí. Ọmọ tí kò rí ẹni sọ ohun tó kà fún nínú ilé kò ní dákẹ́ títí ayé. Yóò wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún, yóò sì rí i. Ẹni yẹn ni yóò mọ èrò ọkàn rẹ̀, ẹni yẹn ni yóò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù àti ohun tó ń fẹ́ láyé, ẹni yẹn ni yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Àwa yóò wà níbẹ̀, a ó máa sanwó ilé, a ó máa sanwó ẹ̀kọ́, a ó sì máa bi ara wa ìgbà tí ọmọ náà di àlejò. Ohun tí ẹ rò pé wákàtí kan péré ni, ibẹ̀ ni irú ìyapa bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ń retí èsì yín ní gbangba, bí mo ti kọ̀wé sí yín ní gbangba. Alága wa, ìwé wo lẹ ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀. Ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Ọmọ ẹgbẹ́ yín kan,
Thamesmead, Lọ́ńdọ̀nù.